Bí mo ṣe kó àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì YouTube mi sínú FreeTube, tí mo sì pín wọn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́

Àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì tí mò ń tẹ̀lé lórí YouTube ti pọ̀ débi pé tí mo bá wọlé lọ wá fídíò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, nǹkan míì ni màá kọ́kọ́ rí, Shorts lápá ibí, fídíò tí mi ò béèrè lápá ọ̀hún, kí n tó wí kí n tó fọ̀ ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tí mo fẹ́ ò le rárá, kí ẹ̀kọ́ wà lọ́tọ̀, orin lọ́tọ̀, ìròyìn lọ́tọ̀, kó sì jẹ́ èmi ni màá máa mú èyí tí mo fẹ́ wò. Ìyẹn ni mo ṣe gbé FreeTube, áàpù tí wọ́n fi ń wo fídíò YouTube, sórí kọ̀ǹpútà mi.

Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, kò sì ní kí ẹ fi àkáǹtì Google wọlé. Orí kọ̀ǹpútà yín ni orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì, àwọn ohun tẹ́ ẹ ti wò àti playlist yín máa wà.

Mi ò lè máa wá ṣánẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, torí náà mo lọ sí Google Takeout, ibi tí Google ti ń jẹ́ kéèyàn dáńlóòdù ohun tó ní lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Deselect all o, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fọ́tò yín, íméèlì yín, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa dì pọ̀. YouTube nìkan ni mo mú, nínú ẹ̀ náà subscriptions nìkan ni mo fi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́, mo dáńlóòdù ẹ̀, mo tú fáìlì ZIP náà, subscriptions.csv, ìyẹn fáìlì tí orúkọ àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì mi wà, sì wà nínú ẹ̀. Mo ṣí FreeTube, mo wọ Settings, mo lọ sí Data Settings, mo tẹ Import Subscriptions, mo mú fáìlì yẹn, gbogbo wọn wọlé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni profile, ìyẹn ọ̀wọ́ tẹ́ ẹ lè pín ṣánẹ́ẹ̀lì sí. Ẹ máa dá profile tuntun sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ fún un ní àwọ̀, ẹ wá ṣí profile náà kẹ́ ẹ máa mú ṣánẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ síbẹ̀. Ṣánẹ́ẹ̀lì kan lè wà nínú profile méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó tì í dáadáa, mo sì rí i pé kéèyàn má wo ohun tí ṣánẹ́ẹ̀lì ń sọ̀rọ̀ lé lórí nìkan, kó wo ohun tóun fẹ́ fi ṣe, torí ẹni tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà àti ẹni tó ń sọ ìròyìn kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ àmọ́ ìgbà tí mo nílò wọn yàtọ̀. Èyí tí mi ò rí ibi fi sí, mo yọ ọ́ kúrò, ó sì pọ̀ díẹ̀. Ẹ kàn rántí pé tẹ́ ẹ bá yọ ṣánẹ́ẹ̀lì kúrò nínú All Channels, ìyẹn profile tí gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì yín wà, ó ti kúrò nínú gbogbo profile tó wà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo wọ Distraction Free Settings, mo fi Shorts pamọ́, mo fi kọ́mẹ́ǹtì àti fídíò tí wọ́n ń dábàá pamọ́. Ara tù mí gan-an. Tí ṣánẹ́ẹ̀lì yín bá pọ̀ bíi tèmi, ẹ tan Fetch Feeds from RSS, ìyẹn ọ̀nà míì tí FreeTube lè gbà mú àkójọ fídíò tuntun wá, ó máa ń yára jù, àmọ́ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí bí fídíò ṣe gùn tó.

Ẹ ò lè fi like tàbí kọ́mẹ́ǹtì sílẹ̀ níbẹ̀ o, nígbà tí kò sí àkáǹtì. Tí YouTube bá sì yí nǹkan padà, fídíò lè má ṣí títí dìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀dà tuntun sórí kọ̀ǹpútà, ẹ má jẹ́ kó ya yín lẹ́nu.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, kò sí ibòmíì tí wọ́n ń bá yín tọ́jú nǹkan wọ̀nyí sí, tí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ ó ti bá a lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wọ Data Settings lóòrèkóòrè láti tẹ Export, ti ṣánẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀, ti playlist lọ́tọ̀, mo sì ń kó wọn sórí flash. Fáìlì .db ti FreeTube fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú o, òun ló ń kó profile dání, CSV ò ní rántí bẹ́ ẹ ṣe pín wọn.