Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ohun Tí Ẹ Ó Máa Kọ Sórí Búlọ́ọ̀gì Yín

Ètò tó ju agbára lọ ló sábà ń pa búlọ́ọ̀gì aládàáni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, tó tún ń bójú tó ilé, á ní òun yóò máa kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kó tó di oṣù kejì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Torí náà, ẹ ka wákàtí yín kí ẹ tó yan ohunkóhun. Àpilẹ̀kọ tó tó 800 ọ̀rọ̀ lè gbà yín ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà tí ẹ bá ro ìwádìí, kíkọ, àtúnkà àti àwòrán pọ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta péré lẹ máa ń rí lọ́sẹ̀, ẹ fi í sí ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Ẹ wá yan ẹ̀ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó pọ̀ jù mẹ́rin. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbìyànjú láti kọ ìbéèrè mẹ́wàá tí ènìyàn lè bi yín. Ẹ̀ka tí ìbéèrè rẹ̀ kò bá pé márùn-ún, ẹ pa á pọ̀ mọ́ òmíràn.

Inú ìbéèrè wọ̀nyẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kàn kọ orúkọ nǹkan sínú ètò wọn, bíi "máṣíìnì ìránṣọ". Nígbà tí ọjọ́ kíkọ bá dé, wọn ò ní mọ ibi tí wọn yóò ti mú un. Ẹ fi wé èyí: "Kí ló dé tí òwú fi ń lọ́ pọ̀ lábẹ́ aṣọ tí mo ń rán?" Ó ti ní òǹkàwé tí ọ̀ràn náà ká lára, ó sì ní ìdáhùn pàtó: lọ́pọ̀ ìgbà, òwú òkè ni kò wọ àárín àwọn àwo kékeré tó ń fún un, torí pé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kò sí lókè nígbà tí wọ́n ń fa òwú wọ máṣíìnì. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí wọ́n tún òwú fà. Àpilẹ̀kọ ti délẹ̀, ó ku àwòrán méjì.

Ibi tí ẹ ó ti rí ìbéèrè kò jìnnà: ohun tí àwọn ènìyàn ń bi yín lórí fóònù, àti ohun tí Google fi ń parí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Tí búlọ́ọ̀gì bá ti lò tó oṣù mélòó kan, Google Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ni ìkànnì, á fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi wá a hàn yín. Bí ojú ìwé kan bá ń jáde dáadáa nínú èsì Google tí wọn kì í tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo àkọlé rẹ̀.

Tábìlì kan ṣoṣo tó, nínú ìwé tàbí lórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè, ẹ̀ka, ohun tó kù, ọjọ́ tí yóò jáde, ọjọ́ àtúnyẹ̀wò. Ẹ má fo "ohun tó kù" o. Kíkọ kọ́ ló sábà ń dá iṣẹ́ dúró. Àwòrán tó nílò ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni, tàbí èsì tí ẹ ń retí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tábìlì yìí náà ni yóò jẹ́ kí ẹ rí i bí ẹ bá ti dáhùn ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìwé méjì lórí ìbéèrè kan náà a máa bá ara wọn du ipò nínú èsì Google. Ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ sì darí àdírẹ́sì èyí tí ẹ yọ sí èyí tó kù.

Nínú àpilẹ̀kọ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí mẹ́ta jẹ́ èyí tí yóò ṣì wúlò lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó bá rọ̀ mọ́ àsìkò, bí ìdánwò tàbí àjọ̀dún, ẹ gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, torí àwọn ènìyàn a ti máa wá a kí ọjọ́ tó pé.

Kí búlọ́ọ̀gì tó ṣí, ẹ ní mẹ́rin tó ti parí nípamọ́. Bó bá ṣẹ́ ku méjì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá. Ẹ dáhùn ìbéèrè kékeré, tàbí kí ẹ tún èyí tó ti pẹ́ ṣe. Níbi àtúnṣe, ẹ yí ohun tó ti yí padà, ẹ má fọwọ́ kan àdírẹ́sì ojú ìwé náà, kí lìǹkì tí àwọn ẹlòmíràn ti fi sí i má baà já.