Bí ẹni yín bá wà nílé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ: ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ máa ṣọ́

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn, ilé àdúrà tàbí ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé ẹni tí àrùn ọpọlọ ń ṣe lọ. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń bá a wọlé. Abala 34 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ kí ẹnikẹ́ni dá ènìyàn lóró. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 sì ti fagi lé òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi lélẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀tàn mú un lọ. Bí ẹ bá ní, "Jẹ́ ká lọ kí ẹ̀gbọ́n ní Ṣágámù," tó sì bá ara rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ó lè má gba oògùn lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún un, kódà bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá já gaara lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ èyí sínú ìwé: orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, iye ọjọ́ tí wọ́n retí pé yóò lò, àti ẹni tí ẹ lè pè lóru.

Tí ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún ẹ̀yin méjèèjì láàyè. Bó ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ gbé wá, ẹ wo ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀: ṣẹkẹṣẹkẹ máa ń fi àmì yíká, awọ ibẹ̀ á dúdú, á sì yi, tàbí kó di egbò. Ẹ wò ó bóyá ó ti rù débi pé aṣọ rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un.

Ààwẹ̀ ọ̀ranyàn léwu gan-an. Ẹni tó ń lo lithium, oògùn àrùn ọpọlọ kan, tí wọn ò fún lómi, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa bì.

Ohun mìíràn tó máa ń fa ìyà àìtọ́ ni haloperidol, tí òun náà jẹ́ oògùn àrùn ọpọlọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọrùn lè wọ́, ojú á yí sókè, ahọ́n á le. Àwọn kan á ní ẹ̀mí àìrí ló gbé e, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀. Oògùn ló ń fà á, abẹ́rẹ́ sì wà tó ń tú u kíákíá. Ẹ pe dókítà.

Bó bá di dandan kí ilé ìwòsàn di ènìyàn mú, kí ìdè náà rọ̀, kí ìka méjì lè wọ àárín rẹ̀ àti ara, kí wọ́n má dojú rẹ̀ délẹ̀ nítorí mímí, kí ẹnìkan jókòó tì í, kí wọ́n sì kọ aago tí wọ́n dè é àti aago tí wọ́n tú u.

Bí ẹ bá rí egbò, ẹ má jà lẹ́nu géètì. Bí ẹni náà bá gbà, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò náà kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí olórí ibẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí National Human Rights Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Legal Aid Council, àjọ ìjọba mìíràn, sì ń fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e kúrò, ẹ gba oògùn tó kù, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ná, OOUTH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ) ní Ṣágámù tàbí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta, kí dókítà kọ gbogbo egbò sí fáìlì kí ẹ tó mú un délé.