Bẹ́ ẹ ṣe lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì bójú tó ímeèlì àti kàlẹ́ńdà ibi iṣẹ́ yín

Ẹ̀yin tí ọ́fíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní tábúlẹ́ẹ̀tì, àbí tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi tiyín ṣiṣẹ́, áàpù tí ibi iṣẹ́ yín ń lò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, ní App Store tó bá jẹ́ iPad, ní Play Store tó bá jẹ́ Android. Ibi tí wọ́n bá ti ń lo Microsoft, Outlook ni, ímeèlì àti kàlẹ́ńdà ti wà pọ̀ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Google, méjì lẹ máa gbà, Gmail àti Google Calendar.

Ẹ tẹ àdírẹ́sì iṣẹ́ yín àti páswọ́ọ̀dù sí i. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín wà nítòsí o, torí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló máa ń fẹ́ mọ̀ dájú pé ẹ̀yin lẹ ń wọlé, nọ́ńbà kan lè yọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sínú áàpù Authenticator lórí fóònù. Tí irú ìbéèrè yẹn bá ṣàdédé yọ nígbà tẹ́ ò wọlé síbì kankan, ẹ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fáwọn IT, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ yín, ó ṣeé ṣe kí páswọ́ọ̀dù yín ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Tó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ara yín, ilé iṣẹ́ lè ní kẹ́ ẹ fáwọn láṣẹ lórí ẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà, ṣé nǹkan iṣẹ́ nìkan ni wọ́n lè pa rẹ́ àbí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, títí kan fọ́tò àwọn ọmọ yín.

Ó wá ku kàlẹ́ńdà, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Tí wọ́n bá fi ímeèlì pè yín sí mítìnì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà. Inú ímeèlì yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti tẹ Accept, tàbí Yes tó bá jẹ́ Gmail, ó máa wọnú kàlẹ́ńdà fúnra ẹ̀, tẹ́ni tó pè yín bá wá sún un láti aago mẹ́wàá sí aago méjì, tiyín náà á sún tẹ̀lé e, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ kọ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà, aago mẹ́wàá náà ló máa wà, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jókòó síbẹ̀. Tẹ́ ò bá ní lè lọ, ẹ tẹ Decline tàbí No kẹ́ ẹ kọ ìdí ẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹni tó ń ṣètò fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń bọ̀, kéèyàn kàn dákẹ́ ò dáa.

Tẹ́ ẹ bá ń bá àwọn ará orílẹ̀-èdè míì ṣiṣẹ́, ẹ rí i pé tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń yan aago ibi tẹ́ ẹ wà fúnra ẹ̀. Kàlẹ́ńdà máa ń ṣírò wákàtí fún kálukú, àmọ́ aago tó wà lórí ẹ̀rọ yín ló ń wò.

Nọ́tífíkéṣọ̀n ńkọ́? Nínú Outlook, ẹ lè ní kó máa dún fún Focused Inbox nìkan, ìyẹn ibi tó ń kó àwọn ímeèlì tó jọ pé ó ṣe pàtàkì sí, ẹ má ṣáà pa ti kàlẹ́ńdà. Ẹ tún yí signature padà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ gbogbo ímeèlì tẹ́ ẹ bá kọ, torí ìpolówó Outlook ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ lábẹ́ lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí ọ̀gá. Kẹ́ ẹ tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì yín jáde, ẹ fi páswọ́ọ̀dù tì í, kẹ́ ẹ sì ní kó má máa fi ọ̀rọ̀ inú ímeèlì hàn nígbà tó bá wà ní títì.