Ibi Tó Yẹ Kí Ọwọ́ Iwájú Dírílì Kọjú Sí

Tí ọyẹ́ bá ti dé, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi a bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Inú ilé àtijọ́ kan lẹ́bàá Campos, ní Pópó Àgùdà, ni mo ti gba ìrora yẹn. Mo ń lu ihò tí a ó fi gbé AC kọ́. Mo ti tú ọwọ́ iwájú dírílì mi, ìyẹn igi ìdìmú tí a ń dè mọ́ ọrùn ẹ̀rọ náà kí ọwọ́ kejì lè dì í mú, kúrò láti àárọ̀, torí pé kì í jẹ́ kí àpò irinṣẹ́ mi pa dé. Àwọn onílé ti da kọnkéré tuntun mọ́ ògiri àtijọ́ náà, wọ́n sì ki irin sí i. Bí ẹnu dírílì, ìyẹn irin tó ń lu ihò, ṣe kan irin inú ògiri, ó há, ṣùgbọ́n mọ́tò kò dúró. Kí n tó yọ ìka kúrò lórí súwíìṣì, ara ẹ̀rọ náà ti yí ọwọ́ mi.

Látọjọ́ náà, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó ń bá mi jáde ní Mushin tí mi ò ní kọ́kọ́ bi pé, "Ọwọ́ iwájú ńkọ́?"

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé e síbi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ibi tí dírílì máa yí sí tó bá há ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí ẹ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, apá ọ̀tún ni ẹnu rẹ̀ ń yí sí bíi ọwọ́ aago. Tí ẹnu náà bá há, ara ẹ̀rọ ni yóò yí, apá òsì ni yóò sì yí sí. Ìyẹn ni pé ọwọ́ iwájú tó wà lápá òsì yóò já wálẹ̀, èyí tó wà lápá ọ̀tún yóò ta sókè, èyí tó kọjú sókè yóò lọ sósì, èyí tó kọjú sílẹ̀ yóò lọ sọ́tùn-ún. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ óò rí i.

Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ súwíìṣì, tí ihò sì wà níwájú àyà, apá òsì ni mo fẹ́. Tó bá já wálẹ̀, apá yín á gbé e dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ ìka yín: tó bá jẹ́ irin wíńdò tàbí etí tábìlì ni, ìka yóò há sáàárín. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì ní láti ṣọ́ra jù, torí ọwọ́ iwájú tó wà lápá ọ̀tún lè ta bá a lágbọ̀n.

Kọ̀rọ̀ ilé ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Tí ògiri kejì bá wà lápá òsì yín, wọ́n á ní kí ẹ yí i sókè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó kọjú sókè á lọ sósì, eegun ìka yín ni yóò gbá ògiri. Ẹ yí i sílẹ̀, kó lè lọ sọ́tùn-ún níbi tí àyè wà.

Láti yí i, ẹ fi ọwọ́ tú orí rẹ̀ sósì kó dẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá dè é sọ́tùn-ún títí kó má mì mọ́. Ẹ dì í mú súnmọ́ orí rẹ̀, kì í ṣe nídìí lẹ́bàá ọrùn ẹ̀rọ. Tí ẹ bá dì í ní ìdajì gígùn, agbára tí ẹ ní láti fi dá a dúró á di ìlọ́po méjì. Tó bá sọnù, ẹ wọn ọrùn dírílì yín kí ẹ tó ra òmíràn ní Owódé Onírin. Mílímítà 43 ni fífẹ̀ ọrùn ọ̀pọ̀ dírílì kéékèèké, ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń gbá kọnkéré yàtọ̀ síra.

Lórí àkàbà, mi ò kì í na ọwọ́ dírílì jìnnà. Ẹ gun òkè tó tó, kí ìgbọ̀nwọ́ yín rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má sì ti súwíìṣì pa sí títàn.

Ohun kan kù tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń gbàgbé. Nínú ọ̀pọ̀ dírílì, ihò ọwọ́ iwájú yìí náà ni ọ̀pá tó ń wọn jíjìn ihò ń gbà kọjá. Bí ẹ bá ti tú u láti yí i, ọ̀pá náà ti dẹ̀. Ẹ tún un wọn kí ẹ tó gbá ihò tó kàn.