Alígì lára ewéko inú àpótí ẹja: ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Tí alígì, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn, bá ti bo ewéko inú àpótí ẹja onígíláàsì, oògùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ àjẹṣẹ́kù ló ń bọ́ alígì. Bí ẹ bá pa á lónìí tí méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, á tún hù.

Ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ gílóòbù ló le jù. A kì í mọ ìgbà tí iná ọba máa dé, nítorí náà ọ̀pọ̀ kì í pa gílóòbù àpótí wọn rárá. Iná á lọ látàárọ̀, á dé láago mọ́kànlá alẹ́, gílóòbù á sì tàn mọ́jú. Ewéko ò lè lo gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn. Alígì ló ń jẹ èrè ẹ̀. Wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ ti tó. Ẹ ra táímà tó ń tan gílóòbù tó sì ń pa á fúnra ẹ̀, tàbí kí ẹ lo iná ṣájì kékeré tẹ́ ẹ lè tàn kẹ́ ẹ sì pa lásìkò. Ẹ má sì tìtorí àìsí iná gbé àpótí sójú fèrèsé o! Oòrùn oṣù kejì àti oṣù kẹta wa yìí á mú omi gbóná, alígì á sì bo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Oúnjẹ ńkọ́? Àlejò dé, ẹ bu oúnjẹ fún ẹja kí àlejò lè máa wò wọ́n. Àwọn ọmọ tún bu tiwọn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á jẹrà nísàlẹ̀, á di ajílẹ̀ fún alígì. Ohun tí àwọn ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2 ni kí ẹ fún wọn.

Oògùn alígì tó ní bàbà nínú máa ń pa edé àti ìṣáwùrú, bẹ́ẹ̀ ìṣáwùrú yìí ló yẹ kó máa bá yín jẹ alígì náà. Blíìṣì nínú àpótí, ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Kódà, tí alígì púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe ń jẹrà ló ń gba afẹ́fẹ́ inú omi. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó bá àwọn ẹja lójú omi, tí wọ́n ń yanu wá èémí.

Ẹ má fi kànìnkànìn àti ọṣẹ họ ewé. Anubias, ọ̀kan lára ewéko inú àpótí ẹja, kì í tètè dàgbà, ìdí nìyẹn tí alígì fi ń ráyè jókòó sí i lára. Ewé tí àmì líle bá ti bò, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e nídìí. Kò ní padà dára. Ti eruku àwọ̀ ilẹ̀ tó ń bo àpótí tuntun yàtọ̀: ẹ fìka nù ún, á lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Tí ewéko inú àpótí ò bá pọ̀ tó, ìyẹn náà ń fa wàhálà. Ojú-oró tí à ń fi gbàdúrà pé ká lékè omi wúlò níbí ju oògùn lọ: ó ń ṣíji bo ìsàlẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ sì ń fa ajílẹ̀ inú omi. Bó bá jẹ́ odò lẹ ti bù ú, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọ àpótí. Ó ń yára pọ̀ gan-an, tó bá ti gba ju ìdajì ojú omi lọ, ẹ máa kó o kúrò. Ẹ má dà á sínú odò Àlà tàbí gọ́tà. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ, kẹ́ ẹ dà á sídìí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé yín.