Fláwà tí kì í wọ́wé lọ́yẹ́: bẹ́ ẹ ṣe máa gbìn ín yí ilé ká n'Ífẹ̀ àti Iléṣà

Tẹ́ ẹ bá ní igi fúrúùtù (àmọ́ńdì) níwájú ilé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọyẹ́ dé báyìí, ẹ gbálẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ìyálẹ̀ta gbogbo iwájú ilé ti tún pupa fún ewé, tó bá sì wọ́wé tán, ìhòòhò ló máa wà, gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì á máa wo inú pálọ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ ewé tútù láti January dé December, irú igi míì ló máa gbìn, a sì ní wọn níbí dáadáa, kódà àwọn tó lágbára jù nínú wọn, ẹ lè rí wọn gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ará àdúgbò.

Ewé tiwọn náà máa ń jábọ́ o. Díẹ̀díẹ̀ ni, tuntun á ti yọ kí ògbólógbòó tó bọ́, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ewé mélòó kan tó pọ́n nísàlẹ̀ igi nínú ọyẹ́, ẹ má pariwo.

Àwọn èèyàn wa lókè òkun fẹ́ràn hólì, èyí tí ewé ẹ̀ le tí etí ẹ̀ ní ẹ̀gún, tó ní èso pupa kéékèèké, tí wọ́n máa ń yà sára káàdì Kérésì. Akọ àti abo ẹ̀ yàtọ̀ bíi ti ìbẹ́pẹ, abo ló ń so, tí akọ ò bá sì sí nítòsí, èso yẹn ò ní yọ, torí náà tí ẹ̀gbọ́n yín ní London bá ń ráhùn pé tòun ń yọ òdòdó lọ́dọọdún àmọ́ kì í so, ẹ ní kó wá akọ gbìn sí i. Igi ibi òtútù ni sha, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú wá sínú ooru Ifẹ̀.

Níbí, ixora ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ewé ẹ̀ le, ó ń dán, ó gba gígé, òdòdó pupa ẹ̀ sì ń yọ léraléra. Sìmẹ́ńtì ni ọ̀tá ẹ̀. Ẹ lọ wo ixora tí wọ́n gbìn mọ́ ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì tuntun, ẹ máa rí i pé ewé orí ẹ̀ lọ́hùn-ún ti di yẹ́lò, iṣan inú ewé nìkan ló ṣì tutù, ẹni tó ni ín á wá máa da fatiláísà lé e, kò sì ní gbọ́. Ohun tó fà á ni pé ibẹ̀ ni bíríkìlà ti po sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ náà ló sin àfọ́kù bulọ́ọ̀kù àti èyí tó já bọ́ nígbà tó ń rẹ́ ògiri sí, ilẹ̀ tó yẹ kó kan díẹ̀ (kó ní ásíìdì díẹ̀) ò kan mọ́, gbòǹgbò ò wá lè fa iron inú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ pupa tiwa yìí kún fún iron. Torí náà kẹ́ ẹ tó gbìn ín, ẹ gbẹ́ kòtò gbọọrọ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kó jìn tó bẹ́ẹ̀ náà, ẹ kó gbogbo àfọ́kù kúrò, kí ẹ wá da ilẹ̀ dúdú abẹ́ igi sí i pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa (èyí tó ṣì ń rùn máa jó o), kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sáàárín ìdí kan àti èkejì. Ẹ má da eérú sídìí ẹ̀ o, ohun kan náà tí sìmẹ́ńtì ń ṣe fún ilẹ̀ ni eérú ń ṣe.

Ká wá bọ́ sórí pèrègún àti akòko, àwọn tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn kan á ní igi òrìṣà ni, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n kí sọ̀fíyọ̀ tó gbé pílà dé, pèrègún làwọn bàbá wa fi ń pààlà ilẹ̀, torí kì í tètè kú, ẹ gé e lónìí, á tún rú. Akòko náà ńkọ́? Ewé ẹ̀ ni wọ́n ń fi sórí ẹni tó ń joyè láàfin Ọọ̀ni àti láàfin Ọwá Obòkun, ó ń ga lọ sókè tààrà láìgba ilẹ̀ púpọ̀, òdòdó ẹ̀ sì rẹwà ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá dúdú létí títì lọ.

Igi ẹ̀ lásán lẹ máa tọrọ. Fún pèrègún, ẹ fi àdá mímú gé e ní gígùn apá, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ gbé e síbi òjìji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Fún akòko, ẹ wá ẹ̀ka tó nípọn tó igi mọ́ọ̀pù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ẹ gé orí ẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí omi òjò má dúró síbẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń gé e ni kí ẹ máa sàmì sí òkè ẹ̀, torí tí wọ́n bá ti kó o jọ sílẹ̀ tán, ẹ ò ní mọ èwo lorí èwo nìdí mọ́, èyí tẹ́ ẹ bá sì dorí ẹ̀ kodò ò ní ṣe dáadáa. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni kó wọlẹ̀. Ẹ tẹ ìdí ẹ̀ pa, ẹ wá lé àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀ jàre, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fà á wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò.

April sí June ni kẹ́ ẹ gbìn ín, nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá gbìn lẹ́yìn September, gbòǹgbò ẹ̀ ò ní tíì jìn kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé ní November. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ ló le jù: ẹẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lálẹ́, ẹ bu omi sídìí ẹ̀ kó rin wọlẹ̀ dáadáa, wíwọ́n omi sórí ewé ò dé ibi tí gbòǹgbò wà. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀, kó má kan ara igi, kí ẹ sì máa yẹ abẹ́ ẹ̀ wò nítorí ikán.

Gígé ixora ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ga dé orúnkún, kó lè pẹ̀ka. Ìsàlẹ̀ ni kó fẹ̀ ju òkè lọ, torí tí òkè bá bo ìsàlẹ̀ mọ́ oòrùn, ewé ìsàlẹ̀ á tán, ewúrẹ́ àdúgbò á sì rí ọ̀nà. Orí ẹ̀ka tuntun ni ixora ti ń yọ òdòdó, ẹni tó bá ń fi síásì gé e lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ò ní rí pupa kankan.

Èso yellow bush (duranta, èyí tí ewé ẹ̀ yẹ́lò) lè mú ọmọdé ṣàìsàn, ti hólì náà bẹ́ẹ̀. Ti olómi-òjò (yellow oleander) burú jù, kóró ẹ̀ lè pa èèyàn, mi ò ní gbìn ín sílé tí ọmọ wà láé. Ficus rẹwà lóòótọ́, àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀ máa ń wá soakaway lọ, á sì la fẹ́ǹsì, tó bá jẹ́ pé plọ́ọ̀tì kan lẹ ní, masquerade (igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé ẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀) ni kẹ́ ẹ gbìn dípò ẹ̀, kó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú lára ixora, tí èèrà sì ń gòkè-sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kòkòrò ló ń fa omi ara ewé, ohun dídùn tó ń yọ lára ẹ̀ sì ni èèrà ń wá. Ẹ po ọṣẹ ìfọ-abọ́ díẹ̀ mọ́ omi, ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì, torí ẹyin wọn ò ní kú lẹ́ẹ̀kan.