Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú àwọn Wright ti ọdún 1903

Kọ imú ọkọ̀ náà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí o sì dakùn délẹ̀ lórí ìyẹ́ ìsàlẹ̀, nítorí kò sí àga níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni a fi ń di ọ̀pá tó ń gbé imú rẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀ mú. Rọra fà á o, nítorí imú náà máa ń tètè gbéra ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìyẹ́ kan bá tẹ̀, sún ìbàdí rẹ sí ìhà tó ga, kí wáyà tó so mọ́ ibi tí ìbàdí rẹ wà lè lọ́ ìyẹ́ náà padà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tú wáyà tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹnì kan sì máa sáré di ìyẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí Wilbur Wright ti ṣe fún àbúrò rẹ̀, Orville, ní Kitty Hawk ní Amẹ́ríkà, tí ìyẹn fi fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12.